Ìdí Igi Rẹ̀mílẹ́kún

Imú dúró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Fadérera fi ọwọ́ gbá a nídìí bí ẹni ń lé ewúrẹ́ olóríkunkun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mira. Ó ti ti ẹnu rẹ̀ gígùn bọ ilẹ̀ láàárín gbòǹgbò méjì, ó ń fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀, iná kékeré orí rẹ̀ tó máa ń tàn bí ewé tútù sì ti di pupa.

"Kí lo rí níbẹ̀?" Fadérera bi í.

"Ẹyin aràn ni, Olùṣọ́." Ohùn akàròyìn orí rédíò ni wọ́n fi sí Imú lẹ́nu, ohùn tí kì í bínú, tí kì í sì í káàánú ẹnikẹ́ni. "Aràn inú ajá. Ẹyin náà pọ̀ púpọ̀. Àwọn kan ti pẹ́ nínú ilẹ̀, àwọn kan jẹ́ titun."

"Ajá wo? Ajá wo ló kù nílùú yìí?"

"Imú kì í rí ajá, Olùṣọ́. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ni Imú ń gbóòórùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé mi láyà, kí ẹ sọ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí kò mọ́."

Fadérera kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà ní pàṣán. Ó gbójú sókè wo Ilé Gíga Arárọ̀mí tó yí Pápá tí òun ń ṣọ́ ká. Àwọn fèrèsé ti ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti àjà karùn-ún ni òórùn mọ́ínmọ́ín ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá, nítorí òní ni ẹsẹ̀ntayé Ayélàágbé, ọmọ Gbádégẹṣin. Kí oòrùn tó wọ Pápá, wọn yóò gbé ìkókó náà wálẹ̀, wọn yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, níbi tí wọ́n sin ibi-ọmọ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ kò ju kí ènìyàn na apá láti ìdí igi àgbálùmọ̀ yìí.

"Bí mo bá ní kò mọ́ ńkọ́?" Ó mọ ìdáhùn. Ó kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ ni.

"Ààrò á sọ̀kalẹ̀. A ó sun ilẹ̀ náà títí dé ìsàlẹ̀ gbòǹgbò. Ẹni tó ni ajá á mú ajá rẹ̀, wọ́n á jọ gba ẹnubodè jáde, wọn kò sì ní padà."

"Igi ńkọ́?"

"Ohun kan kì í yè lábẹ́ Ààrò, Olùṣọ́."

"Bí mo bá ní ó mọ́?"

"A jẹ́ pé ó mọ́ nìyẹn. Imú lè ṣìnà. Ọwọ́ ènìyàn ló ń dájọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ! Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹrù lé ènìyàn lórí, ìgbà náà ló máa ń mọ ìwà ìrẹ̀lẹ̀ í hù.

Fadérera bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lára èèpo igi náà ni pátákó kékeré kan wà bíi ti gbogbo igi tó kù nínú Pápá, orúkọ ọmọ tí wọ́n gbìn ín lé ibi rẹ̀ lórí ló wà lára rẹ̀: Rẹ̀mílẹ́kún. Fadérera ló bí i. Àwọn ọmọ yòókù nínú ilé máa ń wá kí igi wọn lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á fi ẹ̀yìn tì í láti wò ó bóyá àwọn ló ga jù. Rẹ̀mílẹ́kún kò lè wá kí tirẹ̀. Ní Ọdún Ojú, nígbà tí ẹyinjú àwọn ọmọdé ń funfun káàkiri Àkúrẹ́, aràn ajá inú koríko gba ojú rẹ̀ kan, ó gba èkejì, ó sì gun orí lọ. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ eyín tí wọ́n fi gbé e sin. Láti ìgbà náà, àwọn ará ilé kò pe Fadérera ní Ìyá Rẹ̀mí mọ́. Olùṣọ́ ni wọ́n ń pè é, kí wọ́n má baà fi orúkọ ọmọ gún un lọ́kàn.

Wọ́n kó gbogbo ajá ìlú lọ lọ́dún náà. Ìyẹn kò ní kí ilé parọ́rọ́. Kò sí ẹni tó ń gbé Arárọ̀mí tí kò tíì gbọ́ èékánná lórí àtẹ̀gùn ní ìdájí, tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́, bíi pé nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á fa aṣọ borí. Àwọn ajá tí a pa ni, wọ́n á wí, wọ́n ń wá olówó wọn. Fadérera náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn yàrá rẹ̀ pé kí wọ́n má bínú.

Imú fa ẹnu rẹ̀ yọ nínú ilẹ̀, ohun kan sì bá a jáde. Ewé eéran ni, tí wọ́n fi pọ́n nǹkan, tó ti ń jẹrà. Ìdí ewé náà ni wọ́n ṣẹ́ sí ọwọ́ òsì, tí wọ́n sì tún ká padà sábẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó má baà tú.

Fadérera mọ ọwọ́ náà. Nínú gbogbo ilé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ, tí kò gba ike tí ẹ̀rọ ń pín. Ẹni náà sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo iná pupa orí Imú, ó sì gba ọ̀nà àtẹ̀gùn lọ.

* * *

Ìyá Alẹ́kọ, ìyá tó bí Fadérera lọ́mọ, ń gbé yàrá kan ní àjà kẹta. Rédíò ń ké tantan nínú yàrá náà. Láti Ọdún Ojú, ẹnu ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ ti máa ń kí i; lónìí, Fadérera kò kan ilẹ̀kùn, ó tì í wọlé. Òórùn omi ewúro kọlù ú nímú, lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn mìíràn dé, òórùn tí kò gbọ́ láti bí ọdún mélòó kan, tí ara rẹ̀ sì dá mọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó dá a mọ̀.

"Ti ilẹ̀kùn, Àbẹ̀ní," ìyá rẹ̀ wí. Oríkì ló máa ń fi pè é. "Atẹ́gùn ń wọlé."

Ajá náà dùbúlẹ̀ sórí àpò lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ti darúgbó, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Ẹ̀yìnlaárò ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Alẹ́kọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun àti obìnrin kan ní àjà kejì ń jà lórí omi. Láràárọ̀ ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà, tí á máa fi ohùn rara pe ajá rẹ̀: "Ẹ̀yìnlaárò o! Ẹ̀yìnlaárò!" Rẹ̀mílẹ́kún kò mọ̀ pé ìjà ni wọ́n ń fi orúkọ náà jà. Ó kàn ń bá wọn pè é ni.

"Ọjọ́ tí wọ́n wá kó wọn, ẹ sọ fún mi pé ẹ ti fà á lé wọn lọ́wọ́, Màmá."

"Mo fa ajá lé wọn lọ́wọ́. N kò sọ pé ajá wa ni."

Bí kì í bá ṣe ọjọ́ òní ni, ẹ̀rín ni Fadérera ì bá fi í rín.  Ó jókòó sórí àpótí.

"Ajá yìí ló pa á, Màmá."

"Aràn ló pa á."

"Inú ta ni aràn ti jáde?"

Arúgbó náà yí rédíò sílẹ̀. "Ìwọ ti sáré lọ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo jókòó tì í. Kò ríran mọ́, ó ń fi ọwọ́ wá ajá káàkiri orí ẹní. Ó ní, 'Màmá Àgbà, ẹ má jẹ́ kí ebi pa á o.' Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kí n wá dá a lóhùn pé kí ni? Pé ìjọba ń bọ̀?"

Fadérera kò mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti máa ń sọ fún un pé ọmọ náà sùn lọ ni. Ó dùn ún dé egungun pé ọmọ òun sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, àti pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe fún òun.

"Mo ń fún un ní omi ewúro láràárọ̀," ìyá rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ní aràn kankan kò lè gbé inú ìkorò bẹ́ẹ̀."

"Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Níbo ni kí n dà á sí? Páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní imú. Àpò pàǹtírí ní imú. Ilẹ̀ nìkan ni kì í tú àṣírí. Mo ń pọ́n ọn dáadáa, mo ń rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ọmọ kankan kì í tẹ̀ mọ́. Mo sì mọ̀ pé Imú kì í dé ibẹ̀."

Òótọ́ ni. Imú kì í dé ìdí igi Rẹ̀mílẹ́kún, nítorí Fadérera fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀. Kò fẹ́ kí irin kankan máa gún ilẹ̀ náà. Àràárọ̀ tó bá ti kù díẹ̀ kí ẹ̀rọ débẹ̀ ló máa ń darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Òní nìkan ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ Gbádégẹṣin. Ó sì rántí èso igi náà, tó so jìngbìnnì lọ́dún yìí ju ti gbogbo àgbálùmọ̀ ìlú lọ. Ó ti ń he é jẹ, omijé lójú, ó ń rò pé ọmọ òun ló fi ránṣẹ́. 

"Lọ sọ pé ó mọ́," ìyá rẹ̀ wí jẹ́jẹ́.

"Wọ́n ń gbé ọmọ bọ̀ wá tẹ ibẹ̀, Màmá. Ìyá àgbà rẹ̀ á mú erùpẹ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, kí ilẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ṣe é fún Rẹ̀mí."

"Sọ fún wọn pé òfin titun ti dé, kí wọ́n má fi erùpẹ̀ kàn án lẹ́nu. Èmi á lọ wú gbogbo rẹ̀ kúrò lálẹ́ òní."

"Ẹ lè wú ìgbẹ́. Ta ló lè ṣa ẹyin aràn nínú yẹ̀pẹ̀?"

"Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn."

"Ọmọ wa kò sí níbẹ̀ mọ́, Màmá."

"Ta ló sọ fún ọ?" Ojú arúgbó náà le. "Tí mo bá mú ajá yìí sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó jí, ó máa ń já mọ́ mi lọ́wọ́ sá lọ síbẹ̀ ni. Ajá tí kò lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi! Á dé ìdí igi, á máa ju ìrù, á máa yí ká, á na ọrùn bí ẹni tí wọ́n ń họ lẹ́yìn etí. Ṣé atẹ́gùn ni ajá ń ju ìrù fún?"

 Owú mú Fadérera. Ó ń jowú ajá.

"Èmi ni mo bí i," ó wí. "N kò rí i rí láti ọjọ́ náà. Lójú àlá pàápàá, n kò rí i."

"Èmi náà kò rí i. Ajá ló ń rí i." Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Bí o bá sun ilẹ̀ yẹn, Àbẹ̀ní, níbo lo fẹ́ kó dúró sí?"

Orin ìkíni-kú-ewu-ọmọ ti ń sọ̀kalẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbéniròkè pa dé. Fadérera fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó sì sáré.

* * *

Wọ́n ti kúnlẹ̀ yí ibẹ̀ ká nígbà tó dé. Gbádégẹṣin wọ aṣọ funfun, inú rẹ̀ dùn débi tí kò mọ ibi tí ì bá kó ọwọ́ sí. Ìyàwó rẹ̀, Àríkẹ́, gbé ìkókó náà lé itan. Ìyá Gbádégẹṣin gbé àwo kékeré tó ní oyin àti iyọ̀ dání.

"Olùṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o," ìyá àgbà náà kí i. "Kí ló ṣe ẹ̀rọ yín tí ẹ fi ìborùn bò ó? Òtútù ń mú un ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fadérera náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbọ́ ẹ̀rín náà létí ara rẹ̀ bí ẹ̀rín àlejò.

"Ẹ kú oríire o, Màmá. Ọlọ́run á wò ó." Ó tún ìborùn orí Imú fà. "Òfin titun kan dé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí a má fi erùpẹ̀ kan ọmọ lẹ́nu mọ́."

"Ta ló ṣe òfin yẹn? Ọmọ tí a bí sí ojú sánmà, tí kò tíì tẹ ilẹ̀ rí, báwo ni ilẹ̀ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dé?" Ìyá àgbà náà kò tilẹ̀ bínú. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fi ìka méjì bu erùpẹ̀ díẹ̀ ní ìdí igi àgbálùmọ̀, níbi tó ti dú tó sì lọ́ràá jù. "Ìka kékeré báyìí, òfin kò ní í rí i."

Àríkẹ́ yí ojú ọmọ síta. Ayélàágbé la ojú. Ìborùn orí Imú ni ó kọ́kọ́ wò, ó wá gbé ojú kúrò níbẹ̀, ó wo ojú Fadérera, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tí Fadérera mi orí, ojú méjèèjì bá a lọ, wọ́n sì bá a padà, dúdú, mímọ́ gaara. Rẹ̀mílẹ́kún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wo ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Ìka ìyá àgbà náà ti dé ibi àgbọ̀n ọmọ kí Fadérera tó gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Ẹ dà á nù, Màmá."

"Olùṣọ́!"

"Mo ní ẹ dà á nù! Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ gbé ọmọ náà kúrò nílẹ̀." Ó ká ìborùn kúrò, iná pupa sì tàn sí gbogbo wọn lójú. Àríkẹ́ ké, ó gbá ọmọ mọ́ àyà. Fadérera gbé àtẹ́lẹwọ́ lé Imú láyà. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Kò mọ́," ó wí.

"Mo gbọ́, Olùṣọ́. Kò mọ́," ni Imú wí. "Ta ló ni ajá?"

Ọ̀rọ̀ náà dà wọ́n láàmú. Ajá! Àwọn kan ń ti orí fèrèsé na ọrùn. Fadérera gbójú sí àjà kẹta. Ìyá rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, kò sá, kò sì sọ̀rọ̀. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà.

"Èmi ni," Fadérera wí.

"Ìwọ kẹ̀?" Gbádégẹṣin dìde. Kò rántí pé àgbà ni Fadérera jẹ́ sí i mọ́. "Ìwọ tí aràn pa lọ́mọ? Ìwọ lo tún ń tọ́jú ajá síbi tí àwọn ọmọ wa ń ṣeré?"

  Fadérera mọ̀ pé òun ló darí Imú kúrò níbẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn tán.

Ààrò sọ̀kalẹ̀ láti òrùlé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ọmọrí irin tó fẹ̀ ju yàrá lọ. Ó já ẹ̀ka igi náà bó ṣe ń bọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Láìpẹ́, ewé tó yọ síta ká kò. Èso àgbálùmọ̀ ń bẹ́ lábẹ́ irin náà, òórùn rẹ̀ sì dùn, ó dùn débi tí àwọn ọmọdé tó wà lójú fèrèsé ń bèèrè pé kí ni wọ́n ń sè. Fadérera dúró, ó ń wò ó. Ó ń sunkún gidi, kò bo ojú, imú rẹ̀ ń ṣàn bíi ti ọmọdé.

Àwọn ènìyàn pín sí méjì. Ìyá Alẹ́kọ ló ń bọ̀, ó fi okùn mú Ẹ̀yìnlaárò. Àwọn ọmọdé tí kò rí ajá rí pariwo. Fadérera fẹ́ sọ fún un pé kó padà, pé ọ̀rọ̀ ti parí, kó má tú ara rẹ̀ fó. Ó rò pé ìyá òun fẹ́ sọ òtítọ́. Apá kan nínú rẹ̀ sì ń fẹ́ kó sọ ọ́.

Ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò wo Imú, kò wo Gbádégẹṣin. Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi okùn ajá sí i, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti ní in tó," ó wí létí rẹ̀. "Ó kàn ọ́, Ìyá Rẹ̀mí."

Ó yí padà, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ. Fadérera kò mọ̀ bóyá ìyá òun ta òun ni tàbí ó ta òun lọ́rẹ. Títí ayé ni yóò máa rò ó.

 Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n fi imú wọn pamọ́ sínú aṣọ, wọ́n sì tì í lẹ́yìn rẹ̀. Níta, ọ̀nà eruku pupa nìkan ló nà lọ sí ẹsẹ̀ òkè, níbi tí àwọn tí kò lè fa ajá wọn kalẹ̀ ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo yàtọ̀ sí okùn náà. Ó fà á, ajá sì tẹ̀ lé e.

Wọn kò tíì rìn jìnnà nígbà tí Ẹ̀yìnlaárò dúró. Fadérera rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó yí orí padà sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, ó gbé etí sókè, ìrù rẹ̀ sì ń lọ, ó ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ajá ti í ṣe nígbà tó bá ń dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Fadérera wo ẹ̀yìn. Kò rí nǹkan kan lójú ọ̀nà, eruku pàápàá kò gbé.

Ó dẹ okùn náà. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ajá, nínú oòrùn, títí ẹni tó ń bọ̀ fi bá wọn.